Ta Ni Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ọmọnìyàn Ń Jíhìn Fún?

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ń kojú ìjọba tàbí alágbára nítorí ohun tí òfin ti fún gbogbo ènìyàn, irú bí òmìnira láti sọ̀rọ̀, láti péjọ, àti láti má ṣe sùn ní àtìmọ́lé láìṣẹ̀ láìrò. Ní Abuja lónìí, iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ ọ́fíìsì: ó ní owó oṣù, ó ní àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ní àbọ̀ ìwádìí tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fowó ràn án lọ́wọ́ láti òkè òkun kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí ìgbà ológun a máa sọ pé ìgboyà ni ó ti tán nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí aṣáájú ń jíhìn fún ni ó yí padà, ìyípadà náà sì ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ láti 1946, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn obìnrin ọjà ni ọ̀pá ìdí ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ sì sọ pé àwọn tí ń san owó ẹgbẹ́ tó 20,000. Ìjọba amúnisìn ń gba owó-orí lọ́wọ́ ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ti ọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ láti 16, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ransome-Kuti, tí ó kàwé ní ìlú Òyìnbó, bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń ró ìró bí àwọn tí ó ń ṣojú fún, ó sì ń sọ Yorùbá ní gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ Òyìnbó fi ní láti wá ògbufọ̀. Ẹgbẹ́ gba oníṣirò owó kí ó yẹ ìwé ìnáwó àwọn aláṣẹ wò. Nígbà tí lẹ́tà àti ẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn mọ́jú níwájú ààfin Aké ní òpin oṣù kọkànlá 1947. Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, ó sì padà sí i ní òpin 1950. Ẹni tí ó bá sanwó ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi olórí léèrè ohun tí ó fi ṣe, ibẹ̀ sì ni agbára Ransome-Kuti ti wá.

Ìran tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà. Olisa Agbakoba àti Clement Nwankwo wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Civil Liberties Organisation sílẹ̀ ní Èkó ní 1987. Beko, ọmọ Ransome-Kuti, darí ẹgbẹ́ Committee for the Defence of Human Rights láti 1989. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ni ohun ìjà wọn, ẹ̀wọ̀n sì ni owó ọ̀yà wọn: ìgbìmọ̀ ológun rán Beko lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1995, kò sì jáde títí Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ìjọba ológun, fi kú ní 1998. Agbẹjọ́rò Gani Fáwẹ̀hìnmi, tí iye ìgbà tí wọ́n tì í mọ́lé ṣòro láti kà, kọ oyè OFR tí ìjọba fi lọ̀ ọ́ ní 2008. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ wọ́n di òrìṣà. Campaign for Democracy, tí Beko darí, pín sí méjì ní 1994, àti pé ìgbà tiwọn gan-an ni owó òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò owó ọmọ ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn 1999, iṣẹ́ náà tẹ̀ lé agbára lọ sí Abuja. Àwọn kan wọ ìjọba: Abdul Oroh ti Civil Liberties Organisation di ọmọ ilé aṣòfin ní 2003, Káyọ̀dé Fáyẹmí di gómìnà Èkìtì ní 2010. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èrè kan sì wà nínú lílọ sí Abuja tí àwọn aráàlú kì í sábà rántí: ní 2007, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Abuja, tí Adájọ́ Fúnmilọ́lá Adékẹ́yẹ ka ìdájọ́ rẹ̀, sọ pé kò pọn dandan kí ènìyàn gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó péjọ tàbí kí ó wọ́de. Femi Falana ni agbẹjọ́rò tí ó jà á.

Ìdájọ́ yẹn ni àwọn tí wọ́n péjọ ní Unity Fountain, lẹ́bàá òtẹ́ẹ̀lì Hilton ní Maitama, gbára lé lẹ́yìn tí wọ́n jí ọmọbìnrin 276 kó ní Chibok ní oṣù kẹrin 2014. Oby Ezekwesili, Hadiza Bala Usman, Aisha Yesufu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń wọ aṣọ pupa, wọ́n ń jókòó lórí àga oníke lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ka iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà ti lò nínú igbó. Àpò ara wọn ni wọ́n ń ná. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú ya bò wọ́n ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, tí wọ́n fọ́ àga wọn, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá fòfin de ìwọ́de ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ní ìfòfindè náà kò sí.

Àwọn ọ̀dọ́ EndSARS ti oṣù kẹwàá 2020, tí wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní àwọn kò ní olórí, nítorí olórí ni ìjọba ń mú, tàbí kí ó rà. Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin, kó owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ, wọ́n sì gbé ìṣirò rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, èyí tí ó mú wọn sún mọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ju ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Abuja lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó bá ìjọba sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni wọ́n rán. Ọ̀rọ̀ náà ní Abuja bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Ìjọba Àpapọ̀, àjọ tí ìjọba Abacha fi àṣẹ ológun dá sílẹ̀ ní 1995. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, NAACP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, gbára lé owó ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí Black Lives Matter ti 2013 kọ̀ láti ní olórí kan ṣoṣo. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bá yí: ta ni aṣáájú ń jíhìn fún?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n kó àwọn ọmọdé tí wọ́n mú nítorí ìwọ́de tí àwọn aráàlú fi tako ìnira ayé ní oṣù kẹjọ wá sí ilé-ẹjọ́ ní Abuja, mẹ́rin sì ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, tí òun náà wà nínú NADECO, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, nígbà Abacha, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Àṣẹ ààrẹ kò lè rọ́pò ẹgbẹ́ tí ó dúró gbọn-in lẹ́yìn irú ọmọ bẹ́ẹ̀, irú ẹgbẹ́ yẹn kò sì lè wà bí àwọn aráàlú kò bá dáwó sí i. Nítorí náà, kí òǹkàwé tí ó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan kọ́kọ́ béèrè ìwé ìṣirò owó wọn àti ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan olórí kẹ́yìn, kí ó sì san owó ẹgbẹ́ tirẹ̀.