Bí aago ọwọ́ olówó ńlá bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣé ó yẹ kí a tú u yẹ̀ wò?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ aago ọwọ́ olówó ńlá ló gbàgbọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí aago náà bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ọdún mélòó kan bá ti pé géérégé, wọn yóò gbé tiwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, yálà nǹkan ṣe é tàbí nǹkan kò ṣe é. Owó kékeré kọ́ ni àṣà méjèèjì ń ná àwọn ènìyàn. Ẹni tó dúró jù lè jẹ́ kí ẹ̀rọ inú aago jẹ tán kó tó mọ̀. Ẹni tó kánjú jù lè san owó gọbọi fún iṣẹ́ tí aago rẹ̀ kò nílò, bí iṣẹ́ náà bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, aago tó lọ ní pípé lè padà wálé pẹ̀lú àbùkù.

Aago tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe èyí tó ń lo bátìrì. Irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Rolex, Omega àti Patek Philippe fi gba orúkọ ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì ni. Sípíríǹgì kan tí wọ́n ká sínú rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Nínú àwọn kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò máa fi ọwọ́ yí i. Nínú àwọn mìíràn, irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí ọwọ́ bá ti ń jì, òun ni yóò sì máa ká sípíríǹgì náà. Agbára yìí ń gba ara àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké eléyín kọjá títí yóò fi dé ara kẹ̀kẹ́ kan tó ń jù sọ́tùn-ún sósì láìsinmi. Nínú ọ̀pọ̀ aago òde òní, ìgbà 8 ni kẹ̀kẹ́ yìí ń jù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ìgbà 691,200 lóòjọ́, ó sì ju ìgbà mílíọ̀nù 250 lọ láàárín ọdún kan.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìsí ọ́ìlì. Ọ́ìlì ọ̀hún kò pọ̀ rárá. Orí irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kán an sí àwọn ojú ibi tí irin ti ń yí nínú òkúta rúbì. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọ́ìlì yìí yóò máa gbẹ, tàbí kó ṣàn kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro nìyí, nítorí pé bí ọ́ìlì gbẹ, aago kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lè máa lọ fún oṣù tàbí ọdún, kó sì máa sọ àkókò tó péye, nígbà tí irin ń ha irin nínú lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Eruku irin tó ti ara wọn bọ́ yóò pò mọ́ ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ṣẹ́kù, yóò sì di ohun tó ń lọ àwọn yòókù bí yanrìn. Ohun tó yẹ kó jẹ́ wíwẹ̀ àti fífi ọ́ìlì tuntun sí yóò wá di ríra ẹ̀yà ara tuntun, owó rẹ̀ yóò sì lé kenkà. Fún aago àtijọ́ tí wọn kò ṣe ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, nítorí pé a lè wá ẹ̀yà náà tì.

Kí ni àwọn tó ṣe aago wọ̀nyí wá sọ? Rolex ní kí àwọn oníbàárà òun máa gbé aago wọn wá fún sáfíìsì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì wo irú aago tó jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Omega sọ pé ọdún 5 sí 8 ló dára. Láyé àtijọ́, ọdún 3 sí 5 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dá. Ọ́ìlì tó túbọ̀ ń pẹ́ kó tó gbẹ wà lára ohun tó fà á tí ọdún náà fi gùn sí i. Ọgbọ́n tuntun náà tún wọ inú ẹ̀rọ. Ní 1999, Omega bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí George Daniels, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀dá láti dín bí irin ṣe ń ha irin kù.

Ṣùgbọ́n iye ọdún wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Aago tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, tó ń bá a wẹ odò, tó sì ń mu òógùn, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló ń jáde. Nítorí náà, kí ènìyàn fi ọdún ṣe ìrántí, kó sì fi àmì tó bá rí ṣe ìdájọ́.

Àyẹ̀wò méjì wà tí ènìyàn lè ṣe nínú ilé láìtú ohunkóhun. Èkínní ni kó ṣe aago náà mọ́ àkókò orí fóònù, kó sì máa kọ ìyàtọ̀ tó bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìlànà tí Rolex fi lélẹ̀ fún aago tuntun rẹ̀ láti 2015 ni pé kò gbọ̀dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ yá tàbí falẹ̀ lóòjọ́. Aago tó ti pẹ́ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láìsí ewu, àmọ́ bí èyí tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì ìṣẹ́jú falẹ̀ lóòjọ́, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Èkejì ni kó yí i títí yóò fi kún, kó gbé e kalẹ̀, kó sì ṣírò wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ kó tó dúró. Irú Submariner Date tí Rolex ń tà kété ṣáájú 2020 yẹ kó lo nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó jáde ní 2020 yẹ kó lo nǹkan bí 70. Èyí tí kò bá tó ìdajì iye tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ fún un ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú.

Àmì kan wà tó ń dẹ́rù bani lójijì tó sì jẹ́ pé kì í sábà ná ènìyàn lówó púpọ̀. Bí aago bá ṣàdédé ń fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú yá lóòjọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òòfà ló mú un. Òòfà wà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nínú fóònù àti ní ẹnu àpamọ́wọ́ obìnrin. Ó máa ń mú kí sípíríǹgì tín-ín-rín tó ń darí kẹ̀kẹ́ inú aago lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí aago sì máa sáré. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan yọ òòfà náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, láìṣí aago rárá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti san owó sáfíìsì, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ èyí wò.

Ọ̀rọ̀ omi yàtọ̀ pátápátá. Bí ìkùukùu bá hàn lábẹ́ gíláàsì ojú aago, kò sí pé a ń ka ọdún mọ́; lọ́jọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ, pàápàá bó bá jẹ́ omi òkun, nítorí pé ìpẹtà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn rọ́bà tó ń dènà omi náà máa ń gbó, ooru àti òógùn sì ń mú kí wọ́n tètè gbó. Ẹni tó ń wọ aago wẹ odò yẹ kó máa jẹ́ kí wọ́n dán wọn wò lọ́dọọdún. Èyí kò gba títú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti sáfíìsì.

Ti aago tí bàbá fi sílẹ̀ sáyé lọ ńkọ́? Bí ó bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ogún ọdún, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bàjẹ́ sí i púpọ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́, àyàfi tí ọ̀rinrin bá wọ ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìrántí lásán lè fi í sílẹ̀ níbi gbígbẹ. Ẹni tó fẹ́ máa wọ̀ ọ́ ni kò gbọdọ̀ kàn yí i, kó sì kó o sọ́wọ́. Àyẹ̀wò ló kàn. Bákan náà, bí owó sáfíìsì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n ń ta aago tuntun irú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún Seiko 5, ó lè bọ́gbọ́n mu kí a lò ó títí yóò fi dúró, bí kò bá ti jẹ́ ohun ìrántí.

Níbi aago àtijọ́ yìí gan-an ni dídán ti ń ba nǹkan jẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dán ara aago, irin díẹ̀ ń bá a lọ, kò sì ní padà mọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ta Rolex Daytona tó jẹ́ ti Paul Newman, òṣèré fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi gbàǹjo kan ní New York, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ló fún un, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ọkọ òun máa rọra wakọ̀. Ká ní ẹnì kan ti dán ẹ̀yìn aago náà títí ọ̀rọ̀ yẹn fi pa rẹ́ ni, ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹni tó bá gbé aago rẹ̀ lọ béèrè pé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó sọ ọ́ kedere bí kò bá fẹ́ kí wọ́n dán an, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ojú aago àti ọwọ́ rẹ̀. Kó wádìí bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán omi wò, kó sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Rolex, fún àpẹẹrẹ, máa ń fi ọdún méjì dúró lé sáfíìsì tirẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì lẹ́bàá ọjà lè mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lè ṣí ẹ̀yìn aago ló lè tò ó padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.