Bí A Ti Ń Se Tíì Tó Dára Nílé

Lónìí, ọ̀rọ̀ tíì la fẹ́ kà.

Oríṣi tíì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan ni tíì alápò kékeré, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lipton. Ewé igi kan ni wọ́n já, tí wọ́n sá, tí wọ́n rún sínú àpò náà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mu ún. Lóde òní wọ́n ń gbìn ín ní Íńdíà àti ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú. Ìkejì ni ewé tíì, tí àwọn mìíràn ń pè ní koríko ọba. Èyí kò ná wa lówó. Ẹ bẹ aládùúgbò yín ní ìdí kan, kí ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé nígbà òjò. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pọ̀.

Omi ni ìdí tíì. Bí omi bá ń rùn ẹrẹ̀, tíì náà á rùn ẹrẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ omi kànga. Ẹ gbé e kaná nínú ìkòkò tí a kì í fi se ọbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ̀ ọ́ nígbà tí ooru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ẹ dúró kí ó hó yaya, kí omi máa yí nínú ìkòkò, fún ìṣẹ́jú kan gbáko ó kéré tán. Nígbà náà ni àwọn kòkòrò àrùn tí ojú wa kò rí á kú.

Èmi fúnra mi kò mọ tíì ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ se é fún kíláàsì wa, mo da àpò mẹ́ta sínú ìkòkò, mo fi í sórí iná títí a fi ka ẹ̀kọ́ tán. Ó dúdú bí aró, ó korò bí ewúro. Ìyá àgbà kan tọ́ ọ wò, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé àgbo ibà rèé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe mi ni pé mo bọ tíì náà. A kì í bọ tíì alápò. Inú ewé ni ìkorò wà. Bí ó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ á jáde. Bí omi bá ti hó, ẹ dà á lé àpò kan nínú ife, kí ẹ dé e. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kó má ju 5 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ yọ àpò náà, ẹ má fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí tíì le, ẹ fi àpò kún un, ẹ má fi àkókò kún un.

Ti ewé tíì yàtọ̀. Òun fẹ́ iná díẹ̀. Ẹ já ewé bíi 5 tàbí 6 (ẹ ṣọ́ra, etí rẹ̀ mú bí abẹ), ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ta á ní kókó. Ẹ jẹ́ kó hó fún bí ìṣẹ́jú 5, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e díẹ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé ìdérí o! Òórùn dídùn rẹ̀ ń bá ooru omi lọ.

Ṣúgà ńkọ́? Kóró kan tó. Àwọn kan ń fi mẹ́rin, márùn-ún. Eyín ọmọ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Obìnrin kan nínú kíláàsì wa lóyún, òòyì ń kọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Agbẹ̀bí bi í léèrè ohun tó ń mu. Ó ní: "Tíì Lipton ni mo fi ń ti ẹ̀wà, láàárọ̀, lálẹ́." Tíì yìí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ dáadáa. Irin náà wà nínú ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti ẹran. Òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Agbẹ̀bí kò ní kó má mu tíì mọ́. Ó ní kó fi wákàtí kan sí àárín oúnjẹ àti tíì, kó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi tíì àti búrẹ́dì rọ́pò kòkó àti ẹ̀wà rẹ̀.

Àpò tíì tó bá kù, inú agolo tó ní ìdérí ni kó wà, kó jìnnà sí epo òyìnbó àti ẹja gbígbẹ. Tíì máa ń fa òórùn mọ́ra. Mo ti mu èyí tó ń rùn ẹja rí, mi ò sì lè mu ún tán.