Kí Ẹ Tó Pe Ìwé Ìhágún Bàbá Lẹ́jọ́

Ẹ jẹ́ ká wo pálọ̀ kan ní Mushin. Ogójì ọjọ́ pé tí wọ́n ti sin bàbá onílé. Ìyálé àti ìyàwó jókòó, àwọn ọmọ méje yí wọn ká: márùn-ún ti ìyálé, méjì ti ìyàwó. Lọ́yà já àpò ìwé tí wọ́n fi ìda pupa lẹ̀ pa, ó sì kà á sí wọn létí. Ilé ojú títì di ti àbíkẹ́yìn, ọmọ ìyàwó. Ilé ẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ mẹ́fà yòókù máa gba owó ilé ibẹ̀ pín. Àkọ́bí ọkùnrin, tó ru búlọ́ọ̀kù ilé ojú títì yẹn lórí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́tọ̀ àfi lórí aago ọwọ́ bàbá. Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní: "Bàbá mi ò lè ṣe irú èyí sí mi láéláé."

Mo fi ìdílé yìí ṣàpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́bí yẹn kì í ṣe àjèjì ní ọ́fíìsì lọ́yà kankan l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ tó dunni wọra ni. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e dé kóòtù gẹ́gẹ́ bó ṣe rí yẹn, kò lè rìn jìnnà. Òfin gbà kí olóhun fi ohun rẹ̀ ta ẹni tó wù ú lọ́rẹ. Adájọ́ kò jókòó láti wò bóyá bàbá ṣe ẹ̀tọ́ sí ọmọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: Ṣé wọ́n ṣe ìwé náà bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe é? Ṣé ọpọlọ bàbá pé lọ́jọ́ náà? Ṣé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀? Ṣé ohun tó pín, tirẹ̀ ni? Ẹni tí kò bá rí ẹjọ́ rẹ̀ fi sábẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ̀dùn ọkàn ló ní, kò tíì ní ẹjọ́.

Lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé yìí, Òfin Ìwé Ìhágún ti ìpínlẹ̀ Èkó kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹni tó ń há ogún gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Kó wà ní kíkọ sílẹ̀, kí olóhun fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, wà níbẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́rìí méjì yẹn ni lọ́yà tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ wá lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, tó ní, "Wọ́n gbé ìwé yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, mo sì fọwọ́ sí i, n ò rí bàbá níbẹ̀," tí adájọ́ sì gbà á gbọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn tó láti wó gbogbo ìwé náà lulẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹlẹ́rìí tí wọ́n há nǹkan fún nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ìwé náà kò ní ṣubú nítorí rẹ̀, ẹ̀bùn tirẹ̀ ló máa bọ́, ì báà jẹ́ òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ni wọ́n há a fún. Mo máa ń káàánú àwọn ọmọ tí bàbá pè pé kí wọ́n wá jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí pé ó fọkàn tán wọn, tí wọ́n wá tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ìpín wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ọkùnrin bá ti kọ ìwé ìhágún, tó wá lọ fẹ́ ìyàwó ní kóòtù lẹ́yìn náà, ìgbéyàwó yẹn ti pa ìwé náà rẹ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé nítorí ìgbéyàwó yẹn gan-an ló ṣe kọ ọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í pa á rẹ́. Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìhágún, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìgbéyàwó.

Ní ti ọpọlọ, àìsàn lásán kò fi hàn pé orí èèyàn kò pé. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lè há ogún, bó bá ṣáà mọ̀ pé ogún lòun ń há, tó mọ ohun tóun ní, tó sì rántí àwọn tó yẹ kóun rò mọ́ ọn. Lọ́dún 1998, nínú ẹjọ́ Okelola àti Boyle, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún ọ̀rọ̀ náà sọ pé àwọn tó gbé ìwé ìhágún wá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé orí ẹni tó kọ ọ́ pé, tó sì mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán ni ẹrù máa bọ́ sí ọrùn ẹni tó ń ta kò ó. Káàdì ilé ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ oògùn ọjọ́ yẹn ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ohùn ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lọ.

Ẹ̀sùn pé ẹnìkan fipá mú bàbá ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tó ń fọ aṣọ bàbá, tó ń bu oúnjẹ fún un, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi," kò ṣe ohun tí òfin kọ̀. Ohun tó ń mú kí adájọ́ la ojú sílẹ̀ ni ọmọ tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù, tó mú lọ́yà tirẹ̀ wá, tó sì jẹ́ pé òun náà ni ohun tó pọ̀ jù tọ́ sí nínú ìwé ọ̀hún. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ pé ayédèrú ni ìfọwọ́sí náà, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn, abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sì sọ pé a gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ ogún lásán ni wọ́n ń ṣe. Ẹ kó ìwé báńkì àtijọ́, ìwé ilẹ̀, àti lẹ́tà tí bàbá fọwọ́ sí jọ kí ẹ tó la ẹnu.

Ìbéèrè pé ta ló ni nǹkan náà rọrùn ju ìwọ̀nyí lọ, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan, bàbá kò sì lè há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òfin Èkó fúnra rẹ̀ fi agbára ìwé ìhágún sábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Irú gbólóhùn yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dì mú lọ́dún 1991 nínú ẹjọ́ Idehen, tó fi sọ pé Bìní kò lè há ilé tó ń gbé, tí wọ́n ń pè ní Igiogbe, fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àkọ́bí ọkùnrin. Àwa Yorùbá kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí ilé tí bàbá fi owó ara rẹ̀ kọ́.

L'Ékòó, ọ̀nà kan wà fún ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí ìwé ìhágún kò bá ṣètò tó bójú mu fún. Abala kejì Òfin Ìwé Ìhágún ìpínlẹ̀ náà gbà wọ́n láyè láti bẹ kóòtù pé kó yọ ohun ìgbọ́bùkátà fún wọn láti inú ohun ìní olóògbé. Ẹ kò ní láti sọ pé ìwé náà kò dáa. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré ni, láti ọjọ́ tí kóòtù bá ti fún àwọn alámòójútó ohun ìní náà ní ìwé àṣẹ láti pín in. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù.

Àkókò tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ ta ko ìwé náà gan-an. Kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ní ẹ̀ka Probate ní Kóòtù Gíga, ẹ lè fi ìwé kan tí àwọn lọ́yà ń pè ní caveat síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láìfi tó yín létí. Oṣù mẹ́ta ló ń lò l'Ékòó, ẹ sì lè fi òmíràn síbẹ̀ bó bá tán. Bí ẹgbẹ́ kejì bá pè yín níjà lórí rẹ̀, ẹ máa sọ ohun tó kàn yín níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ gidi á ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba àṣẹ tán, caveat kò wúlò mọ́. Ẹ ní láti pẹjọ́ kí kóòtù gba àṣẹ náà padà, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn. Ní gbogbo àkókò yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀ àgádágodo, kó má sì gba owó ilé sápò. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ á wá ṣírò gbogbo rẹ̀ lójú adájọ́.

Ó wá ku ìṣirò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bínú jókòó ṣe. Bí ìwé náà bá ṣubú, kí ló máa gba ipò rẹ̀? Bí bàbá bá ní èyí tó kọ ṣáájú tó sì bófin mu, òun ló máa dìde. Bí kò bá sí, tó sì jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni bàbá ṣe, òfin ogún Yorùbá ló délẹ̀.

Suberu Dawodu kú l'Ékòó lọ́dún 1940 láì há ogún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ohun ìní rẹ̀ sí, ìdí igi kọ̀ọ̀kan, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, orí ò jorí? Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà lọ́dún 1958, ó sì dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962. Ìdájọ́ náà ni pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé lórí rẹ̀, olórí ẹbí lágbára láti ní kí wọ́n pín in ní orí ò jorí.

Ẹ padà sí Mushin. Bí àkọ́bí bá pa ìwé ìhágún, tí wọ́n sì pín in ní ìdí igi, ilé ìyálé á gba ìdajì, ilé ìyàwó á gba ìdajì. Àwọn márùn-ún á pín ìdajì tiwọn, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì ni ti àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn tó ń bínú sí á gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní orí ò jorí, ìdá kan nínú méje ni ti oníkálukú. Ìyálé àti ìyàwó kò ní gba nǹkan kan, nítorí aya kì í jogún ọkọ lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ wa, ohun tí mo gbà pé ó burú sí àwọn ìyá wa. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé bàbá fẹ́ ìyálé ní kóòtù, òfin Èkó yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún un, ìdá méjì yòókù á jẹ́ ti àwọn ọmọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Cole, ní ọdún 1898, ni kóòtù Èkó ti gbà pé irú ìgbéyàwó yẹn máa ń yí ọ̀nà tí ogún ń gbà padà. Àwọn ọmọ ìyàwó náà á wà lára àwọn ọmọ yẹn, nítorí abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè (Constitution) kọ̀ kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú lẹ́tọ̀ọ́.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ lọ́yà rere fi máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀. Lagos Multi-Door Courthouse ti wà láti ọdún 2002 fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ti Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tí kò rówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender tàbí Legal Aid Council. Ẹni tó rówó, kó ní kí lọ́yà kọ iye tó máa gbà sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjókòó yìí lè ṣe ohun tí adájọ́ kò lè ṣe. Ní kóòtù, ìwé ìhágún á dúró tàbí kó ṣubú. Níbi ìjókòó, àkọ́bí lè gba ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà nísàlẹ̀ ilé ojú títì, kí òkè jẹ́ ti àbíkẹ́yìn, kí ìyálé sì máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo àgbà inú ọmọ á fọwọ́ sí i, ẹni tí òfin gbà á fọwọ́ sí i fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, lọ́yà á gbé e lọ síwájú adájọ́, adájọ́ á sì sọ ọ́ di ìdájọ́ kóòtù.