Ta Ló Ni Ìwé Ẹgbẹ́?

Ní Hanoukopé níhìn-ín, inú ìwé aláwọ̀ aró kan ni a ti ń kọ owó ìrànwọ́ ìsìnkú ẹgbẹ́ wa. Òjò ti pa á rí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kó o sórí kọ̀ǹpútà, a rò pé ìyọnu parí. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Akọ̀wé yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, akápò yóò fi tirẹ̀ kún un, yóò tún fi í ránṣẹ́. Kí oṣù tó pé, ẹ̀dà mẹ́rin ni a ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pe ara rẹ̀ ní ti ìkẹyìn. Nínú ọ̀kan, ìyá àgbà kan ti san 2 000 fáráǹkì. Nínú èkejì, kò san nǹkan kan. Ìyá mọ ohun tí òun san, ojú sì tì wá níwájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi lọ sórí Google Sheets, ìwé àjọkọ tí ó ti wà láti ọdún 2006. Ìwé náà kì í rìn mọ́; ojú kan ni ó jókòó sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa ni à ń lọ bá a. Bí ẹni méjì bá ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ń rí ọwọ́ ẹnì kejì. Ó tún ń rántí ẹni tí ó yí nǹkan padà àti ìgbà tí ó yí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣèèṣì pa gbogbo owó oṣù kan rẹ́. A kò bá a jà, a ṣí ohun tí ẹ̀rọ elédè Faransé ń pè ní «historique des versions», a sì mú ojú ìwé àná padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni a fún ní gègé: akọ̀wé àti akápò nìkan ni «éditeur», àwọn yòókù jẹ́ «lecteur».

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ẹni tí ó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ni ín. Àdírẹ́sì ara rẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí ó ṣí tiwa fi ṣí i, ó sì kó lọ sí Abidjan. Google sì kéde ní 2023 pé òun lè pa àkáǹtì tí a kò bá lò fún ọdún 2 rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ òkú àti alààyè wa wá ń bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́! Àǹtí rẹ̀ ni ó bá wa wá a rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó gbà á láti fi ìwé náà lé àdírẹ́sì tí a ṣí ní orúkọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹni méjì ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ báyìí.

Ìwé aláwọ̀ aró náà ṣì wà. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ń tẹ àkọsílẹ̀ tuntun jáde, ó ń fi í sínú rẹ̀, kí àwọn àgbà tí kò ní fóònù lè fi ìka ara wọn wá orúkọ wọn.