Wárápá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti dàgbà

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo gbọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti ń wá mọ́tò tó máa gbé e padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ọmọ ọdún 23 ni mí, níbí ní Sabon Gari ní Kánò, nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo ń wọn aṣọ fún oníbàárà ni. Ìgbà tí mo fi máa lajú, ilẹ̀ ni mo wà, mo ti gé ahọ́n mi jẹ, èrò pé lé mi lórí. Àwọn Haúsá ń pariwo "farfadiya". Wárápá náà ni. Èmi tí gìrì ò mú rí ní kékeré! Mo ní ẹni tá a jọ ń tajà ló ṣe mí. Ọdún méjì ni mo fi náwó kiri. Kódà mo mu ìtọ̀ màlúù. Mò ń ṣubú lọ ni.

Dókítà ló wá ṣàlàyé. Ó ní nǹkan bí iná mànàmáná ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣàdédé pọ̀ jù, bí ìgbà tí NEPA mú iná tó le jù wá, ara á máa gbọ̀n. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà: ẹni tó fi orí gbálẹ̀, ẹni tí ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ bá oúnjẹ tí kò mọ́ wọ̀ lára tó sì dé ọpọlọ. Ìgbà míì, wọn ò ní rí ìdí kankan. Ní tèmi, ọ̀kadà ló ti gbé mi ṣubú rí. Ìfófòó ẹnu yẹn kì í ranni o.

Ó fún mi ní carbamazepine, àárọ̀ àti alẹ́. Oṣù mẹ́fà, mi ò ṣubú. Mo ní ó ti tán. Mo wọ bọ́ọ̀sì òru lọ Èkó lọ ra ọjà, mi ò sùn, mo fi oògùn sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣubú ní Balógun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àìsùn àti oògùn tí mo pa jẹ ló fà á. Nínú èèyàn 10, ó tó 7 tí oògùn lè dá a dúró fún, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Báyìí, ọ̀sán ni mò ń rìn, oògùn mi sì wà lápò ara mi, kì í ṣe inú ẹrù.

Tó bá ṣubú lójú yín, ẹ wo aago. Ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Tí gbígbọ̀n náà bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Èmi ṣì ní àpá tiwọn lẹ́sẹ̀ òsì. Tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí òmíràn tún gbé e kó tó jí, ọsibítù ni o.

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kọ́mọ náà dúró. Kó má gun àkàbà, kó má gun ọ̀kadà, kó máa sùn dáadáa. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo ń lọ gba oògùn tèmi. Ẹ jẹ́ kó bá mi lọ. Màá yà wá mú un láago méje.