Orin, Ìlù àti Pàtẹ́wọ́: Bí Ọmọdé Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìwé Kíkà

Ìwé ìlàlóye fún òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi

Iṣẹ́ tí etí ń ṣe

Kí ọmọdé tó lè ka bàtà lójú ìwé, etí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ègé méjì ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà: bà àti tà. Irú ègé bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ń pè ní sílébù. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè há ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú pátákó sórí, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un. Orin àti pàtẹ́wọ́ ló ń bá etí ọmọ gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ìwádìí kín èyí lẹ́yìn. Ní 1983, Lynette Bradley àti Peter Bryant ti Yunifásítì Oxford fi hàn pé ọmọ ọdún 4 àti 5 tó ń dá ìró inú ọ̀rọ̀ mọ̀ kí ó tó mọ̀wé sábà máa ń mọ ìwé kà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìró, àwọn tí wọ́n tún fi lẹ́tà hàn ló tẹ̀ síwájú jù. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ṣàyẹ̀wò 100 ọmọ ọdún 4 àti 5, wọ́n sì rí i pé etí tó mú fún orin àti ìmọ̀ nípa ìró inú ọ̀rọ̀ jọ ń rìn ni, àwọn méjèèjì sì bá ìwé kíkà tan.

Sílébù àti ohùn

Orin ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì gbára lé ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà. Nínú Yorùbá, sílébù àti ohùn ló ṣe kókó. Sílébù Yorùbá kò ṣòro gé: ó lè jẹ́ fáwẹ̀lì kan (ì nínú ìwé), ó lè jẹ́ kónsónántì àti fáwẹ̀lì (wé nínú ìwé), ó sì lè jẹ́ n tàbí m tó dá dúró (ǹ nínú kọ̀ǹkọ̀).

Ohùn mẹ́ta ló wà: dò, re, mí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ igba, igbá, igbà àti ìgbà, ohùn ló yà wọ́n. Onílù gángan mọ èyí dáadáa. Bó bá fún ọṣán ìlù mọ́ra, ohùn a lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní ka àmì orí ọ̀rọ̀ sí ìnira nígbà tó bá yá.

Ìdárayá ní ìpele-ìpele

*Ọdún 2 sí 3.* Orin arẹmọlẹ́kún, ijó àti ẹsẹ̀ títẹ̀ sí ìlù ti tó. Ohun tí à ń wá ni pé kí ara ọmọ bá ìlù rìn.

*Ọdún 3 sí 4.* Kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí orúkọ. Bọ́lá gba àtẹ́wọ́ méjì, Adébáyọ̀ gba mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bọ́ sórí ohun inú ilé: ìwé gba méjì, àgbàdo gba mẹ́ta. Ibi tó gba sùúrù ni n. Nínú kọ̀ǹkọ̀, ó dá dúró, nítorí náà àtẹ́wọ́ mẹ́ta ni: kọ̀, ǹ, kọ̀. Nínú gángan, ó jẹ́ ara fáwẹ̀lì, àtẹ́wọ́ méjì péré ni. Bí ọmọ bá ṣì í, kí olùkọ́ má bá a wí. Kí ó tún un pè díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ sì gbè é.

*Ọdún 4 sí 5.* Ohùn ló kàn. Ọwọ́ lórí orúnkún fún dò, ọwọ́ láyà fún re, ọwọ́ lórí fún mí. Ọkọ́ yóò gbé ọwọ́ láti àyà lọ sórí. Ọkọ̀ yóò gbé e láti àyà wá sí orúnkún. Àlọ́ àpagbè náà wúlò púpọ̀ ní ìpele yìí: kí apàlọ́ dákẹ́ kí ègbè tó parí, kí àwọn ọmọ fi sílébù tó kù parí rẹ̀.

*Ọdún 5 sí 6.* Àkókò tó láti fi lẹ́tà hàn. Kí wọ́n kọ bà àti tà sórí páálí méjì, kí ọmọ máa fọwọ́ kàn wọ́n bí ó ti ń pè wọ́n sí ìlù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi fáwẹ̀lì méjèèje kọrin tẹ̀lé kónsónántì kan: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu.

Ohun èlò àti àkókò

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ lọ. Agolo mílíìkì tó ṣófo, igi méjì àti àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Orin orí fóònù kò lè gbapò ohùn àgbà tó ń dá ọmọ lóhùn. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má jókòó síwájú ẹ̀rọ aláwòrán ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́.

Ṣé Yorùbá kò ní dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́?

Kò ní dí i. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn

- Bí wọ́n bá ń pè é látẹ̀yìn tí kì í dáhùn.
- Bí etí rẹ̀ bá ń ro ó tàbí tó ń ṣọyún.
- Bí ó bá pé ọdún 2 tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ro epo tàbí omi ewé sí etí ọmọ.

Orin kò lè rọ́pò lẹ́tà kíkọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún etí ṣe kí lẹ́tà tó dé. Nítorí náà, kí òbí àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti àtẹ́lẹwọ́ méjì.