Iye Ọdún Tí Irúgbìn Ń Lò Lórí Ilẹ̀: Iṣu, Kòkó àti Ọrọ̀-Ajé Oko ní Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀-ajé oko nílẹ̀ Yorùbá, iye owó tí irè kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé ni a sábà fi ń díwọ̀n rẹ̀. Lójú ìwọ̀n yìí, kòkó ni ọba. Iṣu kò ju oúnjẹ lásán lọ. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé oko ní àríwá Èkìtì, èyíinì ni agbègbè Ìdó, Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, nínú Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní 1996. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni iye ọdún tí irúgbìn ń lò lórí ilẹ̀, nítorí òun ni ó ń pààlà sáàárín ẹni tí ó lè gbìn ín àti ẹni tí kò lè gbìn ín.

Ilẹ̀ àti Òjò

Àríwá Èkìtì wà níbi tí igbó ti ń parí, tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, a sì dá ní Oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e sábà máa ń gùn ju oṣù mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni kòkó kì í fara da ẹ̀ẹ̀rùn gígùn dáadáa. Nítorí náà, àfonífojì àti etí odò, níbi tí omi ti ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ni ó bá kòkó lára mu jù. Ilẹ̀ tí ó ga, tí ó sì tètè ń gbẹ, ni ó sàn fún iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo.

Iṣu

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ni àwọn àgbà wí; ní Èkìtì, iṣu ni olórí irè jíjẹ. Àgbẹ̀ a kọ ebè, a gbin èbù sí i, a sì fi igi gbé ìtàkùn rẹ̀ sókè. Láti nǹkan bí Oṣù Keje lọ ni iṣu tuntun ti ń jáde. Kí ọdún tó yí po, iṣẹ́ ti parí. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lè tẹ̀lé iṣu lórí ilẹ̀ kan náà, lẹ́yìn èyí ni a ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi.

Níwọ̀n bí ilẹ̀ ti ń tètè padà sọ́wọ́ ẹbí tí ó ni ín, ẹ̀rù kì í ba ẹbí láti fi í fún àlejò. Báyìí ni àwọn àgbẹ̀ Ebira láti agbègbè Òkénè ṣe ń rí ilẹ̀ dáko iṣu ní Èkìtì, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀.

Kòkó

Ọ̀rọ̀ kòkó yàtọ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì lè máa so fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ẹni tí ó gbin kòkó ti gba ilẹ̀ náà fún ìran kan. Igi rẹ̀ á sì di ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé. Ìdí nìyí tí onílẹ̀ kì í fi í sábà gbà kí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin igi.

Láti 1947 títí di 1986 ni àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nínú èrè rẹ̀ ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti rí owó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti gbin igi kò lè ta kòkó tirẹ̀. Láti 1986, ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni ọjà náà bọ́ sí. Bí owó kòkó bá já wálẹ̀, àgbẹ̀ kò lè tìtorí ọdún kan gé igi tí bàbá rẹ̀ gbìn.

Àfiwé: Òwú ní Alabama

Ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Òwú ni irè tí ń mówó wọlé níbẹ̀ nígbà náà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbìn ín. Ní nǹkan bí 1910 ni kòkòrò kan tí ń ba èso òwú jẹ́ dé ibẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ agbègbè ìlú Enterprise ti yí sí ẹ̀pà. Ní 1919, wọ́n gbé ọwọ̀n ìrántí kalẹ̀ fún kòkòrò náà. Àgbẹ̀ kòkó kò lè yára yí padà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aláìnílẹ̀ tí ń dáko òwú, tí wọ́n ń bá onílẹ̀ pín irè, kò ní igi kankan tí ó dè wọ́n mọ́ ilẹ̀: lẹ́yìn ìkórè, onílẹ̀ lè lé wọn lọ. Irè ọlọ́dún kan tètè ń yí padà. Ẹni tí ń gbìn ín náà sì tètè ń ṣí kúrò.

Ìkádìí

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ní abúlé, àwọn olórí ẹbí ṣì ń pín ilẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọba bá pín ọmọ kòkó fún àwọn àgbẹ̀, àwọn tí ó lè gbin igi nìkan ni yóò jàǹfààní. Àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti obìnrin tí ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lè máà rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Èbù iṣu tí ó dára, àti àdéhùn ilẹ̀ tí ó ju ọdún kan lọ, ni yóò ṣe irú wọn láǹfààní. Kí a tó béèrè iye tí irè kan ń mú wọlé, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí a ó gbà láyè láti dúró de ìkórè rẹ̀.